Ta Ló Mú Ketura Lọ́dún Yìí?

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àkọ́kọ́ nínú oṣù kẹta, nígbà tí yìnyín ṣì bo gbogbo orí òkè Vermont, ni ìlú wa máa ń ṣe ìpàdé ọdọọdún. Wọ́n á yan ẹni tí yóò máa tún ọ̀nà ṣe, wọ́n á yan ẹni tí yóò máa mú ẹlẹ́dẹ̀ tó bá ń jẹ̀ káàkiri, wọ́n á jiyàn lórí afárá títí ọ̀nà ọ̀fun wọn á fi gbẹ. Lẹ́yìn náà ló kan àwọn aláìní. Ẹni tí kò nílé, tí kò sì lẹ́bí tó lè gbà á sílé, wọ́n á lù ú ní gbàǹjo. Wọn kì í tà á o. Ẹni tó bá béèrè owó tó kéré jù lọ́wọ́ ìlú láti fi bọ́ ọ fún ọdún kan ni wọ́n á fà á lé lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wo irú ẹni tí í béèrè owó tó kéré jù, kí ẹ sì wo irú oúnjẹ tí í gbé síwájú ènìyàn.

Ọdún mẹ́rin ni wọ́n ti pe orúkọ Ketura Colburn nínú ìpàdé yẹn. Ọdún mẹ́rin, ilé mẹ́rin. Gbogbo ẹrù rẹ̀ kò ju ohun tó gba inú àpò ìrọ̀rí kan lọ: Bíbélì, ife kan, aṣọ méjì, ṣíbí ọkọ rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé, á ti di ẹrù náà, á dé fìlà, á jókòó tì í, á máa retí ẹni tí wọ́n máa ní kó tẹ̀ lé. Bó bá sì ti wọ ilé tuntun, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń kọ́kọ́ sọ fún ìyálé ilé: "N kì í jẹun púpọ̀."

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, ilé Joramu Grout ló wà, ó ń bó ápù láti àárọ̀ dalẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ tó ti wú. Mo yà níbẹ̀, mo béèrè bóyá ara rẹ̀ ò yá.

"Ara mi yá, Dọkasi," ló wí. "Ó kàn ń rẹ̀ mí ni. Bí mo sùn, ó ń rẹ̀ mí. Bí mo jí, ó ń rẹ̀ mí."

Èmi Dọkasi yìí, aládùúgbò rẹ̀ ni mí láti ìgbà tí mo ti wọ ilé ọkọ. Ó fi ọdún méjìlá jù mí lọ, Àǹtí Ketura ni mo máa ń pè é. N kì í ṣe onísùúrù, ẹnikẹ́ni nílùú wa lè sọ ìyẹn fún yín. Ọkọ rẹ̀, Asaheli, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọṣẹ́ ológun nígbà tí à ń bá ọba Gẹ̀ẹ́sì jà, ó sì ti ibẹ̀ mú ikọ́ kan bọ̀ tí kò fi í sílẹ̀ títí ó fi kú. Nígbà tó kú, oko lọ, ilé lọ. Ọmọ kan ṣoṣo ló kù fún un, Tirifena. Kò lọ́kọ, aṣọ ló ń rán. Lọ́dọ̀ wa, obìnrin aránṣọ kì í ní ṣọ́ọ̀bù, ilé dé ilé ló ń lọ: á sun ilé yìí fún ọ̀sẹ̀ méjì, á rán ṣòkòtò gbogbo ọkùnrin ibẹ̀, á tún kọjá sí òmíràn. Òun náà kò níbi tí yóò gbé ìyá sí.

N ò fẹ́ràn Tirifena. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ìyẹn tán kí n tó lọ jìnnà. Ní ìjọ wa, bí tọkọtaya bá bímọ kí oṣù méje tó pé lẹ́yìn ìgbéyàwó, wọ́n gbọ́dọ̀ dìde láàárín ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Ìsinmi, kí wọ́n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wọn létí gbogbo ayé, kí àlùfáà tó lè ṣe ìrìbọmi fún ọmọ. Ọ̀pọ̀ ìjọ ti pa á tì, tiwa ò pa á tì. Ọmọ mi Adina dìde. Mo wò ó bó ṣe ń gbọ̀n bí ewé. Tirifena ló sì tú àṣírí rẹ̀ síta: ilé mi ló ti wá ń rán kóòtù ọkọ mi, orí tábìlì mi ló ti fi ìka ka oṣù ọmọ náà, tó rí i pé mẹ́fà ni, tó lọ sọ fún díákónì. Ẹ̀wà mi ló sì ń jẹ lọ́wọ́ nígbà tó ń kà á.

Nígbà ìwọ́wé ọdún 1838 la gbọ́ pé wọ́n ti ṣòfin ní Wáṣińtìn: opó ológun àtijọ́ tó bá ti fẹ́ ọkọ rẹ̀ kí ọdún 1794 tó wọlé, yóò máa gba pẹ́ńṣàn. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá ọdún 1793 ni Ketura ṣègbéyàwó. Ọjọ́ márùn-ún péré ló fi wọnú òfin. Mo ní, "Àǹtí Ketura, bí pẹ́ńṣàn yìí bá dé kó tó di ìpàdé oṣù kẹta, wọn ò ní pe orúkọ yín mọ́." Ó wò mí bí ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n jí òun. Ọjọ́ kejì ni mo de ẹṣin mọ́ kẹ̀kẹ́, mo gbé e lọ sí kóòtù àgbègbè wa ní Harlow.

Adájọ́ náà jẹ́ àgbàlagbà tó ní awò ojú méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ènìyàn. Kì í ṣe ènìyàn búburú.

"Màmá, ta ló so yín pọ̀?"

"Àlùfáà Bascom, sà. Ó ti kú."

"Ìwé ìjọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ó jóná mọ́lé."

"Ta ló wá síbi ìgbéyàwó náà?"

"Lọ́ìsì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Òun náà ti kú."

"Ṣé gbogbo wọn ló ti kú ni?"

"Ó ku èmi, sà. Èmi náà ò sì ní pẹ́ mọ́."

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. Adájọ́ kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kó mú Bíbélì rẹ̀ wá, nítorí inú Bíbélì ni àwọn ènìyàn wa ń kọ ìbí àti ìgbéyàwó àti ikú sí. Asaheli kò kọ ọjọ́ ìgbéyàwó síbẹ̀. Ìbí Tirifena ló kọ sókè: ogúnjọ́ oṣù kejìlá, ọdún 1794. Wọ́n sì ní ojúlówó ewé náà ló gbọ́dọ̀ lọ sí Wáṣińtìn, akọ̀wé bá fa ọ̀bẹ yọ, ó gé ewé náà kúrò. Ketura fọwọ́ bo ẹnu bí ẹni tí wọ́n yọ eyín fún.

Oṣù kìíní ni èsì dé. Ọ̀rọ̀ ibẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní ọmọ àkọ́kọ́ dé ní ìparí ọdún 1794, ó sì jọ pé inú ọdún yẹn náà ni wọ́n ṣègbéyàwó. Bí kì í bá ṣe bẹ́ẹ̀, kí opó náà mú ohun àtijọ́ kan wá tó ní ọjọ́ ìgbéyàwó lára, ohun tó ti wà kí òfin yìí tó dé. Kóòtù máa jókòó lórí rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù kejì.

Mo gbé e wá sílé mi lọ́jọ́ Sátidé kó wá jẹ ẹ̀wà gbígbóná. Kò fi bẹ́ẹ̀ jẹun. Ó ń fi ṣíbí yí ẹ̀wà kiri.

"Kò sí nǹkan kan rárá? Lẹ́tà? Ìwé?"

"Kò sí." Ó gbé ṣíbí sílẹ̀. "Aṣọ kan wà."

"Aṣọ wo?"

"Dọkasi, ṣé o mọ bí wọ́n ṣe ń fẹ́ ìyàwó nígbà tiwa?"

Mo mọ̀ ọ́n, ìyá mi sọ ọ́ fún mi. Bí ọ̀dọ́mọkùnrin bá fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà jíjìn nínú òtútù, wọn ò ní lé e padà, wọn ò sì ní fi igi ìdáná ṣòfò nítorí rẹ̀. Ìyá ọmọbìnrin á tẹ́ àwọn méjèèjì sórí bẹ́ẹ̀dì kan náà tàwọn taṣọ, á ti pákó kan bọ àárín wọn, á súre fún wọn, á lọ sùn.

"Pákó ilé wa," Ketura wí, "pákó tẹ́ẹ́rẹ́ ni."

Mo bú sẹ́rìn-ín. Òun náà rẹ́rìn-ín díẹ̀.

"Tirifena kì í ṣe ọmọ oṣù kejìlá. Oṣù kẹrin ni mo bí i, nínú ọdún 1794. Nígbà tí a fi ré odò kọjá wá síbí, ó ti lé lọ́mọ ọdún méjì. Asaheli ní ta ló mọ̀ wá níbí, òun ò ní dìde nínú ìjọ kankan jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ó ra Bíbélì, ó kọ oṣù kejìlá. Gbogbo ìlú ń yin ọmọ náà pé ó gbọ́n ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ."

"Aṣọ wá ńkọ́?"

"Nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ó lọ lo ìgbà òtútù lọ́dọ̀ Lọ́ìsì lódì kejì odò. Lọ́ìsì kọ́ ọ níṣẹ́ abẹ́rẹ́. Ṣé o mọ àwọn aṣọ tí ọmọbìnrin fi ń kọ́ lẹ́tà, tí wọ́n ń kó orúkọ òbí àti ọjọ́ gbogbo sí? A ò sọ irọ́ wa fún Lọ́ìsì. Òótọ́ ló ní kí ọmọ náà fi òwú kọ: ọjọ́ ìgbéyàwó wa, ọjọ́ ìbí tirẹ̀. Ọmọ náà sáré gbé e wá hàn wá, inú rẹ̀ ń dùn. Asaheli fẹ́ sọ ọ́ síná. Ọmọ náà ké, ó ké, bàbá rẹ̀ bá fi í sílẹ̀ fún un. A ní àǹtí rẹ̀ ṣì í kọ ni. Kò tún béèrè mọ́ láé. Ìsàlẹ̀ àpótí abẹ́rẹ́ rẹ̀ ló wà."

"Ẹ lọ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀!"

"N ò lọ."

"Ẹ fẹ́ kí Joramu tún gbà yín nìyẹn?"

"Bó bá fẹ́, kó gbà mí. Ọmọ yẹn ò ní ilé, kò lọ́kọ, kò bímọ. Orúkọ rere nìkan ló ní. Jẹ́ kó ní i. Ó ti rẹ̀ mí, Dọkasi, gbé mi padà."

Mo gbé e padà. N ò sì lè jókòó. Ní ọjọ́ Ajé mo lọ sílé ọlọ́lọ, ẹni tó ń lọ àgbàdo fún ìlú, níbi tí Tirifena ti ń ránṣọ. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ìdajì ohun tó gbé mi lọ ni àánú Ketura. Ìdajì kejì, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Ó jókòó sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé, ó ká ẹsẹ̀ sábẹ́ bí gbogbo aránṣọ.

"Ìyá Adina, ẹ káàbọ̀. Ṣé ẹ láṣọ rírán ni?"

"Aṣọ tí ìwọ fúnra rẹ ti rán ni mo wá béèrè. Èyí tí Àǹtí Lọ́ìsì kọ́ ọ."

Ọwọ́ rẹ̀ dúró. "N ò mọ aṣọ tí ẹ̀ ń wí."

"O mọ̀ ọ́n. Ìwọ tó mọ oṣù kà báyìí."

"Ṣé Mọ́mì ló rán yín?"

"Ó ní kí n má wá."

"Ẹ̀yin ì bá sì má wá."

Ìyàwó ọlọ́lọ wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn, mò ń gbọ́ ìró òfì rẹ̀, mo sì gbọ́ nígbà tó dáwọ́ dúró. Mo gbé ohùn sókè. "Ti ọmọ mi, o kà á dé mẹ́fà. Tìrẹ, mẹ́rin ni!"

Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí tábìlì, ojú rẹ̀ funfun. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ," ló wí. Mo lọ. Kí n tó délé, ohun tí mo sọ ti ń dùn mí nínú, ṣùgbọ́n n kì í ṣe ẹni tó mọ bí a ti í padà sẹ́yìn.

Ketura gbọ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Kò pariwo mọ́ mi. "Ta ló rán ọ?" ló bi mí. Mo ní kí n ṣàlàyé. Ó ní, "Máà dààmú. Bó bá ṣe bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn ni, ǹ bá bá ọ jà. Kò sí agbára ẹ̀ mọ́ lára mi." Ó bá dùn mí ju èébú lọ.

Lọ́jọ́ kóòtù, mo fi ọkọ̀ tí ẹṣin ń fà lórí yìnyín gbé e lọ. A kàn fẹ́ lọ sọ pé a ò rí nǹkan kan ni. Inú yàrá kún fọ́fọ́ fún àwọn ọkùnrin tó wá jà lórí ààlà ilẹ̀, gbogbo wọn ń sá aṣọ òtútù wọn síbi iná. Adájọ́ pe orúkọ Ketura.

"Màmá, ẹ rí nǹkan mú wá?"

"Rárá, sà."

"Ó mà ṣe o." Ó ti ń di ìwé wa padà nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Tirifena ni. Ẹsẹ̀ ló fi rìn wá, etí aṣọ rẹ̀ ti di yìnyín gan-gan, ó ń ró bó ṣe ń rìn. Kò wo èmi, kò wo ìyá rẹ̀. Ó tú aṣọ kan sílẹ̀ níwájú adájọ́, ó ní, "Èmi ni mo rán an, ní ọdún 1803. Wọ́n ní kí n kọ ọdún náà sísàlẹ̀."

Adájọ́ pààrọ̀ awò ojú rẹ̀. Ó kà á sókè: "Asaheli Colburn àti Ketura aya rẹ̀, a so wọ́n pọ̀ ní ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kejìlá, ọdún 1793." Mo di apá Ketura mú. Ó parí! Àfi bí adájọ́ náà ṣe tún tẹ̀ síwájú. "Ọmọ wọn Tirifena, a bí i ní..." Ó gbé aṣọ náà súnmọ́ ojú. "Wọ́n ti tú òwú níbí. Ta ló tú u? Bí wọ́n bá rí i báyìí ní Wáṣińtìn, wọ́n á ní wọ́n ti fọwọ́ kàn án, wọ́n á sì da gbogbo rẹ̀ nù."

"Èmi ni mo tú u, sà. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún."

"Kí ló fà á?"

Gbogbo àwọn onílẹ̀ yẹn ti kọjú sí wa. Ketura gbìyànjú láti dìde. "Adájọ́, ẹ̀bi mi ni. Ẹ kọ ọ́ pé..."

"Mọ́mì, ẹ jókòó," Tirifena wí. "Ó ti rẹ̀ yín." Ó kọjú sí adájọ́, ó sì sọ ọ́ ketekete, bí ẹni ń ka ẹ̀kọ́. "Oṣù kẹrin ọdún 1794 ló wà níbẹ̀. Oyún mi ti wà nínú wọn kí wọ́n tó ṣègbéyàwó. Bàbá mi pa á mọ́ fún ìjọ, oṣù kejìlá inú Bíbélì yẹn, irọ́ ni. Nígbà tí mo dàgbà tí mo lè ka oṣù, mo tú òwú yìí kúrò nítorí ojú ń tì mí. Ihò abẹ́rẹ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Ẹ gbé e sójú ìmọ́lẹ̀."

Adájọ́ dìde, ó gbé aṣọ náà sójú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba inú àwọn ihò náà kọjá, àní níbi tí mo jókòó sí, mo rí i pé orúkọ oṣù náà wà níbẹ̀. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn.

"Ẹni tó fẹ́ rẹ́rìn-ín," adájọ́ wí láìbojú wẹ̀yìn, "kó lọ rín in níta nínú òtútù." Ó sọ fún akọ̀wé pé kó kọ ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ bí obìnrin yìí ṣe sọ ọ́, láìyọ ẹyọ kan.

Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń gbàdúrà kí irú ọjọ́ yìí dé, kí Tirifena náà dúró níbi tí ọmọ mi dúró sí. Ó dúró níwájú mi yìí. Mo ń retí kí inú mi dùn. Mo retí, mo retí, kò wá. Mo ń wo ìbọ̀wọ́ mi.

Ó bá wa wọ ọkọ̀ padà sílé. A rìn tó máìlì mẹ́rin. Ketura wá nawọ́ sábẹ́ awọ tí a fi bo ẹsẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Ọwọ́ rẹ tutù," ló wí. "O ò wọ ìbọ̀wọ́."

Ọjọ́ mẹ́ta kó tó di ìpàdé ni èsì dé láti Wáṣińtìn: wọ́n ti fún un. Akọ̀wé ìlú fagi lé orúkọ rẹ̀ nínú ìwé àwọn aláìní. Wọn ò dá aṣọ náà padà, wọn ò sì dá ewé Bíbélì padà. Tirifena gba yàrá kan lókè ilé ẹni tó ń ṣe gàárì, ó gbé ìyá rẹ̀ síbẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ ó ń ránṣọ. Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló tún ń gbé aṣọ fún un. Àwọn ìyàwó díákónì wá ẹlòmíràn. Ní oṣù karùn-ún, ẹ̀wù kékeré kan dé sílé Adina fún ọmọ rẹ̀, wọ́n rán an dáadáa, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó bá a wá. Adina wọ̀ ọ́ fún ọmọ náà lọ ṣọ́ọ̀ṣì. N ò sọ nǹkan kan, ìyẹn kì í sì í ṣe nǹkan kékeré fún mi.

Ọdún yí po. Láàárọ̀ ọjọ́ ìpàdé oṣù kẹta, nígbà tí àwọn ọkùnrin ti ń lọ sí ilé ìpàdé, mo gbé búrẹ́dì àgbàdo lọ fún wọn lókè ilé onígàárì. Mo bá Ketura létí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti dé fìlà, ó ti wọ bàtà, àpò ìrọ̀rí náà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ti dì í ní ìdì.

"Àǹtí Ketura, níbo lẹ̀ ń lọ?"

"Ṣebí ìpàdé ni lónìí?" Ó gbójú sókè sí mi. "Ta ló mú mi lọ́dún yìí, Dọkasi? Jọ̀ọ́, kó má jẹ́ Joramu."

Tirifena wà lẹ́bàá fèrèsé, ó ń ránṣọ. Kò gbórí sókè. Ó fi eyín gé òwú.

"Èmi ni, Mọ́mì," ló wí. "Èmi ni mo mú yín."

Ketura mi orí, ó rora ń wo gbogbo yàrá náà, bó ṣe máa ń wo ilé tuntun. Ó ní, "Ẹ ṣeun, ma. N kì í jẹun púpọ̀."

Tirifena gbé aṣọ sílẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó ń tú ìdì àpò náà. Ó gbé ife padà sórí pẹpẹ, ó gbé ṣíbí sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Èmi ń gé búrẹ́dì, mo sì gé ti Ketura nípọn.